Omi Tó Ń Wọ Táǹkì Láàárọ̀

[Rolanda ló ń pè. Ọkọ̀ ẹ̀ dúró sórí òkè, níbi kan ṣoṣo tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé ní gbogbo àdúgbò wọn. Fóònù bàbá ẹ̀ dún títí kó tó gbé e. Atẹ́gùn.]

ROLANDA: Ẹ káàsán, Dádì. Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní—

WILMER: Ta nìyẹn?

ROLANDA: Èmi ni, Rolanda. Dádì, wọ́n ní Ìyá Àgbà dìde sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, pé Ìyá Àgbà ní kí ẹ— mi ò tiẹ̀ mọ bí mo ṣe máa wí i. Arlinda ló sọ fún ọkọ ẹ̀, fún Delbert. Ẹnìkan ní kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíì tún ní òun fojú ara òun rí ọkọ̀ yín, pé ẹ di ẹrù sẹ́yìn, ajá jókòó síwájú, pé ẹ ti—

WILMER: Ṣé o ti jẹun?

ROLANDA: Dádì.

WILMER: Mo ní ṣé o ti jẹun. Ọ̀nà Tuba City jìn fún ẹni tí ò jẹun.

ROLANDA: Mo jẹ búrẹ́dì. Níbo lẹ wà?

WILMER: Iṣẹ́ ńkọ́? Ṣé ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ àwọn aláìsàn náà lo ṣì wà?

ROLANDA: Ibẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ wà dáadáa. Níbo lẹ wà, Dádì?

[Ọkọ̀ ńlá kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wilmer.]

WILMER: Mo sùn sínú ọkọ̀ lọ́nà lánàá, mo ti kọjá Many Farms báyìí. Mo dúró kí ajá tọ̀.

ROLANDA: Kí lẹ wá dé Many Farms?

WILMER: Shiprock ni mò ń lọ. Ilé— [ìlà ń gé] —ti ń retí mi.

ROLANDA: Ohùn yín ń gé. Ilé ta?

WILMER: Ilé ìyá mi. Ṣé o gbọ́ mi?

ROLANDA: Mo gbọ́. Ọjọ́ mélòó lẹ fẹ́ lò níbẹ̀?

[Ajá gbó lẹ́ẹ̀kan.]

WILMER: Àgbàdo ńkọ́?

ROLANDA: Ẹ̀yin lẹ fi í sílẹ̀, ẹ wá ń bi mí.

WILMER: Rolanda.

ROLANDA: Ewé ẹ̀ ń ká. Mo dé láàárọ̀ yìí, ó ti ká bí ẹni ká ẹní. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọmọ, ẹ sì mọ̀ pé àsìkò yìí gan-an ló ń fẹ́ omi. Elégédé ti sùn sílẹ̀. Mo lọ sídìí pọ́ǹpù, mo ní kí n tan án. Ibi tí àpótí tó ń darí iná máa ń wà, wáyà lásán ló ń gbọ̀n nínú atẹ́gùn.

WILMER: Mo fi rọ́bà dì wọ́n lẹ́nu. Kò lè gbé ẹnikẹ́ni.

ROLANDA: Mi ò bèèrè bóyá ó lè gbé èèyàn.

WILMER: Mo fa omi kún táǹkì kí n tó tú u. Ó kún dé ẹnu. Ó yẹ kí—

ROLANDA: Táǹkì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Àgùntàn ń mu níbẹ̀. Àwọn ará Hard Rock wá pọnmi, wọ́n sì gba àgbàdo tútù. Àwọn ará ìsàlẹ̀ náà wá. Ìyẹ̀fun ò sí ní ṣọ́ọ̀bù, Dádì, ibo ni kí wọ́n lọ? Ṣé ẹ rò pé òùngbẹ máa dúró de ẹni tó ń bínú ni?

WILMER: Mi ò bínú.

ROLANDA: Ẹ tú àpótí pọ́ǹpù, ẹ gbé e sínú ọkọ̀, ẹ forí lé Shiprock, ẹ ní ẹ ò bínú.

WILMER: Mi ò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ìyá ìyá ẹ ní kí n kó irin mi kúrò lórí ilẹ̀ àwọn. Èyí tí agbára mi ká ni mo kó. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì oòrùn yẹn, mi ò lè dá sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Màá rán èèyàn wá tí ojú ọjọ́ bá rọ̀.

ROLANDA: Ta ló sọ fún yín pé Ìyá Àgbà wí bẹ́ẹ̀?

WILMER: Delbert. Mo lọ lẹ táyà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ó ń lẹ táyà, kò wojú mi. Nígbà tó yá, ó ní, “Wilmer, mo gbọ́ pé o ń padà sílé.” Mo ní ilé wo. Ó ní ilé yín ní Shiprock, pé ìyá ìyàwó mi ti wí i lójú gbogbo èèyàn, pé ọkùnrin tí ìyàwó ẹ̀ bá ti kú, kó padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹ̀. Kó sì kó irin ẹ̀ dání.

ROLANDA: Ẹ sì gbà á gbọ́.

WILMER: Ṣé kì í ṣe àṣà wa ni? Bàbá mi àgbà ṣe é. Àbúrò bàbá mi ṣe é, nínú yìnyín, pẹ̀lú ẹṣin kan. Ilẹ̀ ìyá ìyá ẹ ni. Torí ìyá ẹ ni mo ṣe wà níbẹ̀. Ìyá ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́.

[Atẹ́gùn lára ọkọ̀ Rolanda.]

ROLANDA: Èmi wà níbẹ̀.

WILMER: Tuba City lo wà.

ROLANDA: Mo máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀.

WILMER: Mo mọ̀. Mi ò fi bá ẹ wí. Iṣẹ́ ni iṣẹ́. Ọjọ́ tó kù ni mò ń wí, èmi àti ajá. Tí mo bá ti tan pọ́ǹpù, màá jókòó sórí kẹ́ẹ̀gì, màá máa wo páìpù. Ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kí omi tó gòkè. Ìyá ẹ máa ń nahùn sí mi láti ẹnu ọ̀nà pé, “Ṣé ó ti dé?” Mo ṣì máa ń dáhùn.

ROLANDA: Ẹ máa ń dáhùn ta?

WILMER: Mo máa ń ní, “Ó ti dé.” Ajá á gbójú sókè wò mí.

[Atẹ́gùn ń fẹ́ lọ́dọ̀ Rolanda.]

WILMER: Ṣé o gbọ́ mi?

ROLANDA: Mo gbọ́ yín. Ẹ ò sọ fún mi rí.

WILMER: Kí ni kí n wá sọ? Pé mò ń bá ẹnu ọ̀nà sọ̀rọ̀?

ROLANDA: Ẹ ò bá bi Ìyá Àgbà léèrè kí ẹ tó lọ. Ẹ ò bá kàn béèrè.

WILMER: Báwo? Ẹni tí àṣà ní kí n má rí, kí wọ́n má sì rí mi? Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ ọmọ wọn, mi ò mọ bí ojú wọn ṣe rí. Ìyá ẹ ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Màá ní, “Sọ fún màmá ẹ pé mo ti tún òrùlé ṣe.” Ìyá ẹ á dé, á ní, “Màmá ní kí o ṣọ́ra, ejò wà lábẹ́ igi tí o tò síta.” Ní báyìí, ta ni kí n rán? Ajá?

ROLANDA: Ẹ ò bá pè mí.

WILMER: Kí n gun orí òkè, kí n pè ẹ́ níbi iṣẹ́, kí n ní kí o bi ìyá ìyá ẹ bóyá wọ́n lé mi? Èmi náà ní ìtìjú, Rolanda.

ROLANDA: Ìtìjú ò bomi rin àgbàdo.

WILMER: O ti ń sọ̀rọ̀ bí ìyá ẹ.

[Ìlà ń gé. Ariwo bí iyanrìn lórí páànù.]

ROLANDA: —gbọ́ mi? Dádì? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

WILMER: Mo ń gbọ́. Mo ti pa ẹ́ńjìnnì kí n lè gbọ́ ẹ.

ROLANDA: Mo ní, Ìyá Àgbà ò lè sọ pé kí ẹ lọ.

WILMER: Ta ló mọ ohun tí wọ́n lè sọ? Ohun tí mo mọ̀ nípa wọn ò pọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ wọn. Èmi a máa wà lóko ní ìdájí, àwọn a máa wá ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí mo bá ti lọ. Tí mo bá dé láàárọ̀, màá rí ibi tí wọ́n ti hú koríko, màá rí ojú ẹsẹ̀ wọn láàárín poro. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ nílẹ̀ díẹ̀. Lẹ́yìn tí ìyá ẹ lọ, ó túbọ̀ ń wọ́. Mo wá ń fa omi síbi tí poro ti rọ̀ kí wọ́n má bàa tẹ ibi líle.

ROLANDA: Wọ́n mọ̀?

WILMER: Ta ló máa sọ fún wọn?

[Ṣé afẹ́fẹ́ ni, ṣé èèyàn ló mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rolanda.]

WILMER: Àti pé kì í ṣe ẹnu Delbert ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Abọ́ ni mo fi mọ̀.

ROLANDA: Abọ́ wo?

WILMER: Abọ́ tánńganran kan, aláwọ̀ ewé, ẹnu ẹ̀ ti bó. Láti ìgbà tí ìyá ẹ ti lọ, tí mo bá lọ tan pọ́ǹpù, màá bá a lórí òpó ọgbà, aṣọ á wà lórí ẹ̀. Ẹ̀kọ àgbàdo aláwọ̀ aró, tó ní eérú igi nínú bó ṣe yẹ, á ṣì máa gbóná. Kò ní sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màá jẹ ẹ́, màá fọ abọ́, màá fi nǹkan sí i, tòmátì kan, tàbí elégédé kékeré, màá gbé e padà sórí òpó. Nígbà tó bá fi máa di ọjọ́ kejì, wọ́n á ti gbé e, wọ́n á ti bu òmíràn. A ò fi ránṣẹ́ síra wa rí. Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn, mo débẹ̀, òpó lásán. Ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, òpó lásán. Nígbà tí Delbert fi máa là á, mo ti mọ̀.

[Ṣaworo dún, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, nínú ọkọ̀ Rolanda.]

WILMER: Kí nìyẹn?

ROLANDA: Kí ni kí ni?

WILMER: Nǹkan kan dún.

ROLANDA: Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mi ni.

WILMER: Kọ́kọ́rọ́ kọ́. Ṣaworo ni.

ROLANDA: Bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì—

WILMER: Rolanda, ṣaworo tó wà létí aṣọ ìyá ìyá ẹ ni mo fi ń mọ ìgbà tó yẹ kí n yíjú. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe so ó mọ́ aṣọ. Tí mo bá ti gbọ́ ọ lóko, màá wọ àárín àgbàdo, màá dúró jẹ́ẹ́ títí wọ́n á fi kọjá. Kò sí ìró tí mo mọ̀ tó o láyé yìí, àfi ti pọ́ǹpù. Wọ́n wà nínú ọkọ̀ yẹn.

[Ṣaworo tún dún.]

ROLANDA: Wọ́n ní kí n má sọ.

WILMER: Ṣé wọ́n ń gbọ́ mi?

ROLANDA: Fóònù mi ti bàjẹ́, ohùn yín ń jáde síta ni. Gbogbo ẹ̀ ni wọ́n gbọ́.

WILMER: Ti ẹsẹ̀ náà?

ROLANDA: Ti ẹsẹ̀ náà.

ÌYÁ ÀGBÀ [lẹ́gbẹ̀ẹ́ Rolanda]: Sọ fún un pé mo kí i.

ROLANDA: Wọ́n ń gbọ́ yín, Ìyá Àgbà.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kì í ṣe òun ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ìwọ ni. Sọ fún un.

ROLANDA: Dádì, Ìyá Àgbà kí yín.

WILMER: Sọ fún wọn pé mo kí wọn. Ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ńkọ́?

ROLANDA: Ìyá Àgbà, Dádì ní—

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó ṣì ń dùn mí. Sọ fún un pé ó ṣì ń dùn mí.

ROLANDA: Ó ṣì ń dùn wọ́n.

WILMER: Mo gbọ́.

ROLANDA: Ẹ̀yin méjèèjì ń gbọ́ ara yín ketekete. Kí lẹ wá ń rán mi níṣẹ́ sí?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ìyá ẹ kì í kùn tó bá ń jẹ́ iṣẹ́. Sọ fún un pé abọ́ mi wà lọ́dọ̀ ẹ̀.

ROLANDA: Ìyá Àgbà ní abọ́ àwọn wà lọ́dọ̀ yín.

WILMER: Abọ́ wo?

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó ń bèèrè abọ́ wo. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ bí ẹnu ẹ̀ ṣe bó tán. Abọ́ àárọ̀ ọjọ́ ìpàdé ni, kò gbé e padà sórí òpó. Mo dé ibẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, mo wò, mo wò. Kí ló fẹ́ kí n bu ẹ̀kọ sí, bàtà?

ROLANDA: Wọ́n ní—

WILMER: Dúró.

[Ìró ilẹ̀kùn ọkọ̀. Wilmer ń tú ẹrù, irin ń kọlu irin, ajá ń kùn. Ó pẹ́ díẹ̀.]

WILMER: Ó wà lábẹ́ àga.

ROLANDA: Abọ́ náà?

WILMER: Mò ń kánjú lọ wá wáyà lọ́jọ́ yẹn, mo jẹ ẹ́ nínú ọkọ̀. Mo ti fọ̀ ọ́. Tòmátì tí mo fi sí i ti rà.

[Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín lábẹ́ imú. Ṣaworo dún.]

ÌYÁ ÀGBÀ: Sọ fún un pé kó tún un fọ̀.

ROLANDA: Wọ́n ní kí ẹ tún un fọ̀.

WILMER: Mo gbọ́.

ÌYÁ ÀGBÀ: Sọ fún un pé mo ti ń retí fèrè. Ìgbàkígbà tó bá ń bọ̀ láti ọ̀nà, ó máa ń fun fèrè ọkọ̀ ní odò gbígbẹ, kí n lè wọlé kó tó gòkè. Lọ́jọ́ tó lọ, kò fun nǹkan kan. Mi ò mọ̀ pé ó lọ. Mo ti wà nínú ilé látìgbà náà, mò ń dá ara mi mọ́lé torí ẹni tí ò sí nítòsí.

ROLANDA: Dádì—

WILMER: Mo gbọ́. Sọ fún wọn pé ẹni tó ń bọ̀ ló ń fun fèrè. Mi ò mọ ohun tí ẹni tó ń lọ máa fun.

[Ìlà ń gé.]

ROLANDA: Ṣé ẹ gbọ́ mi? Dádì?

WILMER: Bátìrì fóònù mi kù díẹ̀.

ROLANDA: Ẹ̀yin tí ẹ ń fi oòrùn ṣiná fún gbogbo àdúgbò.

WILMER: Ibi tí mo ti ń gba iná sí i wà nínú àpótí pọ́ǹpù. Àpótí náà wà lẹ́yìn níbí, ó ń wò mí. Rolanda, bi wọ́n fún mi. Mi ò fẹ́ èyí tí Delbert sọ. Mo fẹ́ mọ ohun tí wọ́n sọ gan-an. Tó bá jẹ́ pé kí n máa lọ ni, màá lọ, ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ dá àpótí yìí padà, màá kọ́ ẹlòmíì bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìyá mi ti darúgbó, orúkọ àbúrò mi ló fi ń pè mí. Ilé yẹn náà, àlejò ni màá jẹ́ níbẹ̀. Kí n sáà ti mọ̀.

ROLANDA: Ìyá Àgbà, kí lẹ sọ níbi ìpàdé?

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí ló dé tí òun ò wá síbẹ̀?

ROLANDA: Torí pé ẹ̀yin wà níbẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó dáa. Òótọ́ ni.

WILMER: Mo jókòó sínú ọkọ̀ lẹ́yìn ilé ìpàdé. Mo gbọ́ ariwo, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Rolanda, gbọ́. Àwọn èèyàn wá láti ọ̀nà jíjìn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ní ìyẹ̀fun tó ń ti òkèèrè wá ò dé mọ́. Wọ́n ní ogun ń jà níbi tí wọ́n ti ń gbin àlìkámà, ọ̀dá dá níbòmíì, gbogbo ayé ń du èyí tó kù, ta ló máa wá rántí orí òkè wa yìí? Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé oòrùn ń fa omi fún wa láti inú ilẹ̀, pé a ní àgbàdo, a ní ẹ̀wà, a ní elégédé tí a máa sá pamọ́ de òtútù. Wọ́n ní kí a kọ́ àwọn.

WILMER: Ìyá ẹ ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Kí ló wí?

ROLANDA: Ó ní ìyá mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. A jọ ń yí àgbá omi gòkè lọ́jọ́ náà, ọmọ mi àti èmi. Ó nu òógùn, ó ní oòrùn tó ń pa àgbàdo wa yìí, ṣé kò ṣeé fi ṣiṣẹ́ ni. Mo ní kó lọ bi ọkọ ẹ̀.

[Ọkọ̀ kan kọjá lọ́dọ̀ Wilmer.]

WILMER: Ó bi mí. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó lo ọ̀sẹ̀ kan kó tó bá mi sọ̀rọ̀.

ÌYÁ ÀGBÀ: Èmi ni mo ní kó má bá a sọ̀rọ̀.

[Wilmer fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó di ikọ́.]

ROLANDA: Ìpàdé, Ìyá Àgbà. Bátìrì wọn ń lọ.

ÌYÁ ÀGBÀ: Alága wá dìde. Ó bi mí lójú gbogbo wọn, pé ọkùnrin tó mọ ẹ̀rọ náà, ṣé kò ní padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹ̀ báyìí? Ó ní kí a tètè wá ẹlòmíì tó máa jókòó tì í. Mo dìde. Mo dáhùn. Arlinda ń din búrẹ́dì ní kíṣíìnì, ó yọjú. Ó gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mi báyìí, òróró ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ó sáré wọlé padà. Kò gbọ́ ìyókù.

ROLANDA: Irin ńkọ́?

ÌYÁ ÀGBÀ: Irin wo? Èmi ò dárúkọ irin. Delbert ló fi irin sí i. Kí ni Delbert mọ̀ ju irin lọ?

WILMER: Kí ni ìyókù? Rolanda, ṣé o gbọ́ mi? Kí ni ìyókù?

ÌYÁ ÀGBÀ: Sún mọ́ mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni màá wí i. Kí o wí i bó ṣe rí. Má fi kún un, má yọ nínú ẹ̀.

[Ó sọ ọ́ sí Rolanda létí. Fóònù ò gbé e. Lẹ́yìn náà, Rolanda fa imú.]

ROLANDA: Ṣé ohun tí ẹ sọ lójú gbogbo èèyàn nìyẹn?

ÌYÁ ÀGBÀ: Wí i.

ROLANDA: Dádì, wọ́n ní, “Àṣà ní kó padà sọ́dọ̀ àwọn ìyá ẹ̀.”

WILMER: Ìyẹn ni Arlinda gbọ́.

ROLANDA: Kò tíì tán. “Tó bá fẹ́ lọ, mi ò ní dá a dúró. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ẹlòmíì jókòó sídìí omi yẹn lójú mi.”

WILMER: Mò ń gbọ́.

ROLANDA: “Mi ò rí ojú ẹ̀ rí. Omi tó ń wọ táǹkì láàárọ̀ ni mo fi ń mọ̀ pé ó jí—”

[Ìlà ń gé.]

WILMER: Pé ó kí ni?

ROLANDA: “Pé ó jí.” Ṣé ẹ gbọ́ mi?

WILMER: Pé mo jí. Mo gbọ́. Máa lọ.

ROLANDA: “Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ omi náà—” Dádì? Ṣé ẹ gbọ́ mi?

WILMER: —bá gbọ́ omi náà, kí ló— Rolanda? Mi ò gbọ́ ìparí ẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi? Kí ló kù?

ROLANDA: “Ọjọ́ tí mi ò bá—” Kò gbọ́ mi. Ìyá Àgbà, kò gbọ́ mi mọ́.

[Ṣaworo dún, ó sún mọ́ fóònù. Fóònù ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn.]

ROLANDA: Ìyá Àgbà, ẹ fẹ́—

ÌYÁ ÀGBÀ [nínú fóònù]: Wọ́n ní kí a má ríra. Èmi ò rí ẹnikẹ́ni níbí. Òkè ni mò ń wò.

[Ní òdìkejì, ẹnìkan ń mí.]

ÌYÁ ÀGBÀ: Ohun tí mo sọ nìyí, bí mo ṣe sọ ọ́. Mo ní, “Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ omi náà, màá mọ̀ pé ọmọ mi méjèèjì ti lọ.” Ṣé o gbọ́ mi?

[Láti òdìkejì, fèrè ọkọ̀ dún, ó gùn, bó ṣe máa ń dún ní odò gbígbẹ. Ìlà já.]